Ilé Ọtí Bàbà ní Niamey

Niamey kì í ṣe ilẹ̀ ọgbà àjàrà. Iyanrìn ló pọ̀ níbẹ̀, òjò ọdún kan kò ju nǹkan bí 550 mìlímítà lọ, oòrùn oṣù kẹrin a sì máa gbé ìgbóná kọjá ìwọ̀n 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹni tó bá ti gbọ́ nípa àwọn ìdílé ilẹ̀ Faransé tó ń gba àlejò sínú ọgbà wọn, tí wọ́n ń bu wáìnì fún wọn tọ́ wò láti inú àgbá, lè rò pé irú ìgbádùn bẹ́ẹ̀ kò sí ní olú ìlú Niger. Ó wà níbẹ̀. Ọkà bàbà ni wọ́n fi ń ṣe é dípò àjàrà, àgbàlá ilé ni wọ́n sì ti ń ṣe é, lábẹ́ igi dóńgóyárò, láàárín ìkòkò àti ààrò. Àwọn obìnrin ló ni iṣẹ́ náà. Dólò ni wọ́n ń pe ọtí yìí níbẹ̀ àti ní Burkina Faso. Àwọn ará àríwá Benin àti Togo ń pọn irú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ṣúkútù, àwọn ará àríwá Ghana ń pọn pító, àwa ní Nàìjíríà sì mọ bùrùkútù. Ẹbí kan náà ni gbogbo wọn.

Ìlú Mùsùlùmí ni Niamey. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ará ibẹ̀ kì í fẹnu kan ọtí, ó sì yẹ kí àlejò fi ìyẹn sọ́kàn kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀nà. Òfin kò de ọtí, kódà ilé iṣẹ́ Braniger ti pọn bíà nínú ìlú náà, èyí tí àwọn tó ń mu ún sọ lórúkọ ní Conjoncture. Ṣùgbọ́n dólò kì í ṣe ọtí ilé iṣẹ́. Ọwọ́ àwọn Gourmantché tó wá láti apá Torodi àti Makalondi, lójú ọ̀nà Burkina Faso, ló wà, àti ọwọ́ àwọn Mossi, àti ti àwọn tó ti àríwá Benin àti Togo wá tẹ̀dó síbẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2015, nígbà tí àwòrán inú ìwé ìròyìn ilẹ̀ Faransé kan, Charlie Hebdo, bí àwọn kan nínú, wọ́n dáná sun ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ọtí ní Niamey. Nítorí náà, ẹ má wulẹ̀ retí pátákó lẹ́nu ọ̀nà o. Ẹni tó mọ ilé ló ń mú àlejò lọ, wọ́ọ́rọ́wọ́ sì ni wọ́n ń lọ. Bí ó bá jẹ́ oṣù Ààwẹ̀ ni, ẹ jẹ́ kí ìbẹ̀wò náà di ẹ̀yìn ọdún Ìtúnu.

Iṣẹ́ ọtí ọkà le ju ti ẹmu lọ, ìdí rẹ̀ sì ṣe kedere. Bí adẹ́mu bá gun ọ̀pẹ, omi tó ń kán sínú akèrègbè rẹ̀ ti ní ṣúgà láti ara igi wá. Ìwúkàrà inú afẹ́fẹ́ àti ti ara akèrègbè yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, ẹmu yóò sì ti máa hó kó tó dé ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àjàrà: ẹni tó bá fọ́ ọ sínú àgbá ti ṣe ìdajì iṣẹ́. Ọkà kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìyẹ̀fun ló kún inú rẹ̀, ìwúkàrà ọtí kò sì lè jẹ ìyẹ̀fun, àfi kí nǹkan kan kọ́kọ́ sọ ọ́ di ṣúgà. Ọkà fúnra rẹ̀ ló sì ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Bí ó bá fẹ́ hù, ó máa ń pèsè èròjà kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ẹ́ńsáìmù, tó máa ń gé ìyẹ̀fun wẹ́wẹ́ di ṣúgà kí èéhù lè rí oúnjẹ jẹ. Ohun tí apọntí ń ṣe ni pé ó ń jẹ́ kí ọkà rò pé àkókò ìgbìn ti tó. Nígbà tí ẹ́ńsáìmù bá ti pọ̀ nínú rẹ̀, a ó dá a dúró kó tó jẹ oúnjẹ náà tán.

Ọkà bàbà pupa ni wọ́n ń lò fún un. Funfun ló dára fún oúnjẹ. Pupa a máa korò díẹ̀ nítorí táníìnì tó wà lára èèpo rẹ̀, èròjà tó ń mú kí obì máa fa ahọ́n. Ìkorò yẹn kan náà ni kì í jẹ́ kí àwọn ẹyẹ tó ń ya bo oko ọkà ní ilẹ̀ Sahel gbádùn rẹ̀ tó bí wọ́n ṣe ń gbádùn funfun. Nítorí náà, ọkà tí ẹyẹ kò fẹ́, tí kò sì wu ẹnu nínú tùwó, ló ń di ọtí.

Wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi mọ́jú, wọ́n á gbọ́n ọn, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí ẹní, wọ́n á fi àpò bò ó, wọ́n á sì máa wọ́n omi sí i. Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́rin, gbòǹgbò funfun á ti yọ, á sì lọ́ mọ́ ara wọn. Ìyá tó mọṣẹ́ á máa ti ọwọ́ bọ abẹ́ àpò náà láàárọ̀ àti lálẹ́. Ooru tó bá pàdé níbẹ̀ ni yóò sọ fún un bóyá kó tú ọkà náà ká tàbí kó tún bò ó. Lẹ́yìn ìyẹn, oòrùn ló kù, oòrùn Niamey kì í sì í jáni kulẹ̀.

Bí ó bá gbẹ tán, wọ́n á fi ọwọ́ bó o kí gbòǹgbò àti èéhù lè ṣí kúrò lára rẹ̀. Ẹ má fi ojú kékeré wo iṣẹ́ yìí o. Èéhù ọkà bàbà ní èròjà kan nínú tó lè di sáyánáìdì, májèlé kan náà tí a ń lé kúrò nínú gbágùúdá nígbà tí a bá ń fún un, tí a sì ń yan án di gàrí. Bíbó àti sísè fún ọ̀pọ̀ wákàtí ló ń mú un kúrò nínú ọtí. Ohun kejì tó yẹ kí a ṣọ́ra fún ni èbu. Ọkà híhù tí kò gbẹ dénú a máa hu èbu, oró tí èbu mìíràn ń fi sílẹ̀ kò sì ṣeé sè kúrò. Bí mo bá dé ilé apọntí, kí n tó wo ọtí, ọkà inú àpò ni mo máa ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi hàn mí. Bí ó bá ń rùn, mo máa ń dúpẹ́, mo máa ń dìde.

Ilé ẹ̀rọ ni wọ́n ti ń lọ ọkà náà, kò sì gbọ́dọ̀ kúnná jù. Ọjọ́ kejì ni ọjọ́ sísè, ọjọ́ yẹn gan-an ló sì yẹ kí ẹni tó fẹ́ mọ iṣẹ́ náà wà níbẹ̀.

Wọ́n á da ọkà lílọ̀ sínú ìkòkò ńlá tó kún fún omi tútù, wọ́n á fi omi ilá tàbí ti èèpo igi kan tó máa ń yọ̀ sí i, wọ́n á rò ó pọ̀, wọ́n á fi í sílẹ̀. Omi yíyọ̀ yẹn máa ń kó ẹ̀tù kéékèèké mọ́ra, á sì fà wọ́n rì. Kò pẹ́ tí omi òkè á fi bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́. Ìyá á wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi igbá gbọ́n omi òkè yìí, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ tí kò yára, kó má bàa ru gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ sókè. Á dà á sínú ìkòkò mìíràn, á gbé e sí ibòji. Kò ní jẹ́ kó kan iná. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó kù nísàlẹ̀ ni yóò gbé ka orí ààrò, yóò sì sè é, yóò máa rò ó, títí yóò fi ki, tí yóò sì máa hó gùdùgùdù.

Ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé omi tí wọ́n gbọ́n kúrò ni ìdànù. Òun gan-an ni ẹ̀mí ọtí náà, nítorí inú rẹ̀ ni ẹ́ńsáìmù tó tú jáde láti ara ọkà híhù wà. Ìsàlẹ̀ ni ìyẹ̀fun wà. Ìyẹ̀fun ọkà bàbà kì í ṣí, kì í wú, àfi bí ìgbóná rẹ̀ bá sún mọ́ ìwọ̀n 70 tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ; ìgbóná yẹn sì ti tó láti pa púpọ̀ nínú ẹ́ńsáìmù. Bí a bá sè wọ́n pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, òṣìṣẹ́ á ti kú kí iṣẹ́ tó ṣí sílẹ̀. Àwọn tó ń fi bálì pọn bíà nílẹ̀ Yúróòpù kò ní wàhálà yìí, torí pé ìyẹ̀fun bálì máa ń ṣí ní ìgbóná tí ẹ́ńsáìmù tirẹ̀ ṣì lè fara dà. Ìdí nìyí tí ìyá náà fi yà wọ́n nípá. Ó pa ẹ́ńsáìmù mọ́ ní tútù, ó fi iná ṣí ìyẹ̀fun, ó wá da méjèèjì pọ̀, gbígbóná sórí tútù. Bí ìwọ̀n bá pé, àdàpọ̀ náà á rọ̀ sí nǹkan bí 60 sí 65, ibi tó bá ẹ́ńsáìmù lára mu jù lọ. Kò sí ohun èlò tí wọ́n fi ń wọn ìgbóná nínú àgbàlá náà. Iye igbá tó bù láti inú ìkòkò kan sí èkejì ló fi ń mọ̀, àti ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ tó gbé sún mọ́ ẹnu ìkòkò.

Mi ò mọ iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin mìíràn ní apá ibi tiwa lágbàáyé tí ọgbọ́n inú rẹ̀ jinlẹ̀ tó èyí, tí a sì ń fojú rénà rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nàìjíríà ti rí ohun tí ọgbọ́n yìí tó. Láti ọdún 1949 tí bíà Star ti kọ́kọ́ jáde ní Èkó, bálì òkèèrè ni àwọn ilé iṣẹ́ ńlá wa gbára lé. Nígbà tí ìjọba wá fòfin de kíkó o wọlé láti 1988, wọ́n yíjú sí ọkà bàbà tiwa, wọ́n sì rí i pé kò gba ìlànà tí wọ́n kọ́ lórí bálì. Ẹ́ńsáìmù tí wọ́n ṣe ní ilé iṣẹ́ òkèèrè ni ọ̀pọ̀ wọn fi yanjú ọ̀rọ̀ náà: wọ́n ń rà á, wọ́n ń dà á sí i. Àwọn obìnrin tó ń pọn bùrùkútù ní àríwá wa ti ń sè é láti ọjọ́ tó ti pẹ́ láìra nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Àdàpọ̀ náà á sùn mọ́jú. Lóru yẹn, nǹkan méjì ló ń ṣẹlẹ̀ pọ̀: ìyẹ̀fun ń di ṣúgà, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó bá ọkà wá sì ń mú un kan, irú kíkan tó wà nínú ògì. Láàárọ̀, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á sì tún gbé omi rẹ̀ kaná fún wákàtí púpọ̀. Kíkan náà á dúró síbẹ̀, ṣùgbọ́n kòkòrò á kú. Bí omi yìí bá tutù, ó ṣeé mu báyẹn. Adùn àti kíkan ló wà nínú rẹ̀, kò pa ẹnikẹ́ni. Òun ni wọ́n ń bù fún ọmọdé àti fún àlejò tí kì í mu ọtí. Ẹni tó bá jẹ́ Mùsùlùmí tàbí ẹni tó bá ti jẹ́jẹ̀ẹ́ lè bẹ ilé apọntí wò kó sì bá wọn mu nǹkan tí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ kò ní dá a lẹ́bi.

Ìwúkàrà ló kù. Àwọn kan ń pa gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí tó kọjá mọ́. Àwọn mìíràn ní okùn híhun kan tí wọ́n máa ń rì sínú ìfófò nígbà tí ọtí bá ń hó, tí wọ́n á sì fi kọ́ ara ògiri títí yóò fi gbẹ. Okùn náà kò dára lójú rárá. Ó dúdú, ó le, ìfófò gbígbẹ ti lẹ̀ mọ́ ọn ní ìpele ìpele, àlejò tí kò mọ̀ lè gbá a mọ́ pàǹtírí. Ṣùgbọ́n ohun alààyè tí ojú kò lè rí ló sùn sínú rẹ̀ ní àìmọye. Bí wọ́n bá rì í sínú omi dídùn tó ti tutù nírọ̀lẹ́, kí àkùkọ tó kọ, ìfófò á ti bo ẹnu ìkòkò. Ọdún 1857 ni Louis Pasteur gbé ìwé rẹ̀ jáde lórí bí ohun alààyè tín-tìn-tín ṣe ń mú kí nǹkan máa kan. Ọdún 1883 ni Emil Christian Hansen ya ìwúkàrà kan ṣoṣo sọ́tọ̀ ní ilé ọtí Carlsberg ní Copenhagen, tí ilé iṣẹ́ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi pọn bíà. Iṣẹ́ ńlá ni àwọn méjèèjì ṣe. Ìyá tó ń fún ọmọ rẹ̀ obìnrin ní okùn ìwúkàrà nígbà tó ń lọ ilé ọkọ kò mọ orúkọ ohun tó wà lára okùn náà, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tó ń ṣe, ó mọ oúnjẹ tó ń jẹ, ó sì mọ ohun tó lè pa á.

Ìyálẹ̀ta ló dára jù láti lọ tọ́ ọ wò, nígbà tí ọtí tí wọ́n fi ìwúkàrà sí lálẹ́ àná ṣì ń hó. Ẹ kí ilé kí ẹ tó jókòó, kí ẹ má sì kánjú. Ẹni tó ń ta á yóò fi omi ṣan igbá, yóò bu díẹ̀, òun fúnra rẹ̀ yóò kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú yín, kí ọkàn yín lè balẹ̀ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò bu ìtọ́wò fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Àṣà ni èyí ní ọ̀pọ̀ ilé dólò, kì í ṣe ojú rere pàtàkì, ẹ má sì kọ̀ ọ́. Bí ó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ ra igbá tó kún.

Èyí tó dùn ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́ wò, kí ẹ tó wá sí ti òní, ti àná ló kẹ́yìn. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti orí ti àná kò ní gbọ́ adùn èyíkéyìí mọ́. Ẹ wo ìfófò ti òní: bí ó bá ń tú pín-ín-pín láti ìsàlẹ̀ wá, ó ṣì wà láàyè. Àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bí omi odò ìgbà òjò, kò sì mọ́ gaara, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ẹ gbé e sún mọ́ imú. Èéfín igi ló máa ń kọ́kọ́ jáde, ọkà sísè a tẹ̀ lé e. Lẹ́nu, kíkan ló ń ṣáájú, adùn díẹ̀ a wá bá a láàárín, táníìnì a sì fa ẹ̀gbẹ́ ahọ́n nígbà tí ẹ bá ti gbé e mì tán. Ìfàhọ́n yẹn ni mo fẹ́ràn jù, torí òun ló ń jẹ́ kí ẹnu tún fẹ́ òmíràn. Agbára rẹ̀ kò pọ̀, ìwọ̀n 2 sí 4 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́pọ̀ ìgbà, nígbà tí wáìnì máa ń tó 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má mu ún kan ìsàlẹ̀ igbá. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ló wà níbẹ̀, inú tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò sì rojọ́ lálẹ́.

Ti àná ti yàtọ̀. Ìwúkàrà ti jẹ adùn rẹ̀ tán, ó le sí i, kíkan rẹ̀ sì mú. Àwọn àgbà kan wà tí wọn kì í mu òmíràn. Bí ó bá fi máa di ọjọ́ kẹta, ó ti ń di ọtí kíkan tó dára fún ọbẹ̀ sísè ju mímu lọ. Ẹni tó ń ta wáìnì ń sọ ọdún tí wọ́n ká àjàrà. Apọntí ń sọ òwúrọ̀ tàbí alẹ́. Ìdí nìyí tí kò fi sí bí ẹ ṣe lè rà á kí ẹ gbé e délé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n gbọ́dọ̀ wá bá a níbi tó wà.

Iye owó tó ń wọlé kò pọ̀ bí iṣẹ́ náà ti pọ̀ tó. Igi ìdáná ló ń jẹ èrè jù, ó sì ti wọ́n ní ilẹ̀ tí aginjù ń sún mọ́. Àwọn apọntí kan ní Burkina Faso ti ń lo ààrò amọ̀ tí wọ́n mọ yí ìkòkò mẹ́ta tàbí mẹ́rin ká, tí iná kan ṣoṣo ń gbóná dé gbogbo wọn, igi tí wọ́n ń lò sì ti dín kù gan-an. Èérí ọkà kì í ṣòfò, nítorí ẹlẹ́dẹ̀ àti ewúrẹ́ ń jẹ ẹ́. Ohun tó ń dùn mí ni àwọn tó ti ń da ṣúgà ọjà àti ìwúkàrà oníbúrẹ́dì sí i kó lè yá. Ọtí bẹ́ẹ̀ ń pani, ṣùgbọ́n kò ní ohun tí ahọ́n lè rántí lọ́la. Okùn ìwúkàrà ilé kan, bí ó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò lò ó mọ́, kò sí ilé ìtajà tí a ti lè ra irú rẹ̀.

Àwa Yorùbá náà ní tiwa. Ìyá àwọn ìyá wa fi àgbàdo pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, wọ́n sì fi ọkà bàbà pọn ọtí fún ìgbéyàwó, fún ìsìnkú àti fún ọdún ìbílẹ̀. Bíà inú ìgò ti gba ipò rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé, a kò sì bi wọ́n léèrè tó nípa ọjọ́ mélòó ni wọ́n ń fi bo ọkà, irú omi wo ni wọ́n ń fi sí i, ibo ni wọ́n ti ń rí ìwúkàrà. Bí àgbà obìnrin kan bá kù nílé yín tó pọn ọ́n rí, ẹ bá a ra ọkà, kí ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kó pọn ọ́n lójú yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó di ọdún tó ń bọ̀.